Gbogbo Iṣẹ́ Tó Bá Ní Kọ̀ǹpútà Nínú Kọ́ Ló Jẹ́ Iṣẹ́ Ẹ̀ka IT

Bí o bá bi òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan léèrè pé kí ni ẹ̀ka IT ń ṣe, ó ṣeé ṣe kó sọ fún ọ pé àwọn ni wọ́n ń tún pírńtà ṣe, àwọn ni wọ́n ń bá èèyàn ṣí àkántì tó bá ti gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀, àwọn náà ni wọ́n sì ń pariwo pé ká má tẹ líǹkì tí a kò mọ ibi tó ti wá. Kò purọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá kéde pé òun fẹ́ pààrọ̀ ètò tí wọ́n fi ń san owó oṣù, tàbí pé òun fẹ́ kó gbogbo fáìlì kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù sórí kọ̀ǹpútà, ìdáhùn yẹn kò tó mọ́. Ẹnì kan á ní, "Iṣẹ́ IT nìyẹn." Àwọn IT á ní, "Rárá o, iṣẹ́ ẹ̀ka ìṣirò owó ni." Ẹ̀ka ìṣirò owó á ní àwọn ti fọwọ́ sí owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rùn àwọn. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ kò lójú, kò nímú, kálukú wá ń wo ojú ẹnì kejì rẹ̀.

Kì í ṣe àwọn tí kò mọ kọ̀ǹpútà nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú. Àwọn ọ̀gá pàápàá ń ṣì í mú. Ní tèmi, èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà tí wọ́n ń jà lórí kọ̀ǹpútà nínú ọ́fíìsì kò kan kọ̀ǹpútà rárá. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ẹni tó yẹ kó ní àṣẹ ìkẹyìn. Tí ìyẹn bá ti yé èèyàn, ipa tí ẹ̀ka IT ń kó nínú iṣẹ́ àkànṣe abẹ́lé á yé e wẹ́rẹ́. Iṣẹ́ àkànṣe abẹ́lé tí mo ń sọ ni èyí tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ló máa lò ó, kì í ṣe oníbàárà: ètò owó oṣù, ètò ìsinmi, ibi tí à ń tọ́jú fáìlì sí, kíkó ímeèlì láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì

Oríṣi iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn ẹ̀ka IT. Èkíní ni ti ojoojúmọ́: kí íntánẹ́ẹ̀tì má já, kí ímeèlì máa wọlé, kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà dátà pa mọ́ lálaalẹ́, kí wọ́n máa dí gbogbo ihò tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé. Iṣẹ́ yìí kò lópin, bí wọ́n bá sì ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé wọ́n ṣe nǹkan kan. Èkejì ni iṣẹ́ àkànṣe. Ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ọjọ́ tó yẹ kó parí, wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fún un, nígbà tó bá sì parí, ohun kan tí kò sí tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, àwọn kan náà ló ń ṣe méjèèjì, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ nípa sáfà ímeèlì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ímeèlì ń gbà kọjá, ni wọ́n tún ń retí pé kó so ètò owó oṣù tuntun pọ̀ mọ́ ti báńkì. Lọ́jọ́ tí ímeèlì bá dákú, ètò owó oṣù ló máa dúró dè é. Ẹ̀ka ìṣirò owó kò mọ̀ pé ímeèlì ló gba ẹni náà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn IT ń fi iṣẹ́ falẹ̀.

Nítorí náà, kóòdù kíkọ kọ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá IT ní láti ṣe. Pípín èèyàn ni. Ẹ̀ka mẹ́rin lè gbé iṣẹ́ mẹ́wàá wá láàárín oṣù kan, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta péré ni agbára àwọn tó wà nílẹ̀ ká. Ta ló máa kọ́kọ́ gba tiẹ̀? Kò yẹ kó jẹ́ ọ̀gá IT ló máa dá ẹjọ́ yẹn, torí kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ẹ̀ka títà ń béèrè ṣe pàtàkì ju ti ẹ̀ka HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, lọ. Ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń ní ìgbìmọ̀ kékeré kan tí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń jókòó lóṣooṣù láti to iṣẹ́ sórí ìlà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní odindi ọ́fíìsì fún un, òun ni wọ́n ń pè ní PMO. Níbi tí kò bá sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, tàbí ẹni tóun àti ọ̀gá IT jọ ń jẹun ọ̀sán.

Ẹ wo ìbéèrè fún ìsinmi lásán

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kékeré kan ká tú u wò: ìbéèrè fún ìsinmi ọdọọdún. Báyìí, òṣìṣẹ́ ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, mánéjà rẹ̀ á fọwọ́ sí i, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀ka HR, obìnrin kan níbẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. Ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Tá a bá wò ó lókèèrè, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹni tó mọ kóòdù lè kọ fọ́ọ̀mù náà láìpẹ́ ọjọ́.

Ìgbà tó bá jókòó tì í ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹni tó gba iṣẹ́ ní oṣù keje, ọjọ́ mélòó ló ní lọ́dún yẹn? Ṣé odindi ni àbí ìdajì? Ọjọ́ tó ṣẹ́ kù lọ́dún tó kọjá ńkọ́, ṣé ó máa tẹ̀ lé èèyàn wọ ọdún tuntun, títí di ìgbà wo? Tí mánéjà fúnra rẹ̀ bá wà ní ìsinmi, ta ló máa fọwọ́ sí i? Tí ọjọ́ ìsinmi ìjọba bá bọ́ sáàárín, ṣé wọ́n máa kà á mọ́ ọn? Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó sì ní ọjọ́ mẹ́sàn-án nílẹ̀, ṣé wọ́n máa sanwó rẹ̀ fún un ni àbí ó ti gbé nìyẹn?

Nígbà tó jẹ́ ti bébà, obìnrin inú ẹ̀ka HR yẹn ló ń dáhùn gbogbo èyí láti inú orí ara rẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó mọ ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún nígbà tó gba iṣẹ́, ó mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, nígbà míì á gbójú kúrò lára ọjọ́ méjì. Kọ̀ǹpútà kì í gbójú kúrò. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ṣáájú ló máa ṣe, èyí tí wọn ò bá sì sọ fún un, ó lè fọwọ́ sí i láìyẹ tàbí kó kọ̀ ọ́ láìnídìí.

Kò sí ìkankan nínú ìbéèrè wọ̀nyẹn tí àwọn IT lágbára láti dáhùn. Àmọ́ wọ́n máa ń dáhùn wọn! Tí wọ́n bá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí HR tí HR kò fèsì, tí ọjọ́ tí wọ́n dá sì ti ń sún mọ́lé, ọmọ tó ń kọ kóòdù á kàn mú èyí tó bá rọrùn fún un jù. Bó ṣe di pé ẹni tó dé ilé-iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ló ń ṣòfin ìsinmi fún gbogbo òṣìṣẹ́ nìyẹn, òun gan-an ò sì mọ̀ pé òfin lòun ń ṣe. Nígbà tí ẹnì kan bá wá pàdánù ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà àwọn IT ló jẹ ọjọ́ òun.

Ìdí rèé tí iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni ín, látinú ẹ̀ka tó máa lò ó. Onígbọ̀wọ́ ni mo fẹ́ràn láti máa pè é. Ọ̀gá tó lẹ́nu ni: òun ló ń fọwọ́ sí owó, òun ló ń parí àríyànjiyàn, òun náà ló sì ń sọ ohun tí a máa yọ kúrò nígbà tí àyè kò bá gbà. Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, ọ̀gá HR ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alámòójútó iṣẹ́, ẹni tó ń ṣọ́ ọjọ́, tó ń pe ìpàdé, tó ń kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, tó sì mọ ẹni tí iṣẹ́ dúró sí lọ́wọ́. Ó lè wá láti ẹ̀ka IT, ó sì lè má wá láti ibẹ̀. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, bí kò bá ti jẹ́ pé òun kan náà ni wọ́n tún sọ di onígbọ̀wọ́. Ẹ̀ka IT wá wà láti sọ bó ṣe ṣeé ṣe, iye tó máa ná wọn, bó ṣe máa pẹ́ tó, àti ewu tó wà níbẹ̀. Bíríkìlà lè sọ fún ẹni tó ń kọ́lé pé ìpìlẹ̀ yìí kò lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iye yàrá tí ìdílé náà nílò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiẹ̀.

Iṣẹ́ tí ojú kì í rí

Kí ni wọ́n wá ń ṣe gan-an tó fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀ka IT tó dáńgájíá máa béèrè ni bóyá nǹkan náà ò ti sí nílẹ̀. Ó wọ́pọ̀ pé kí ilé-iṣẹ́ ti máa sanwó fún sọ́fútíwíà kan tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn láti ọjọ́ yìí, àmọ́ tí kò sẹ́ni tó tan apá yẹn nínú rẹ̀.

Tí kò bá sí, ó kù kí wọ́n rà á tàbí kí wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn. Sọ́fútíwíà tí wọ́n rà dà bíi pé ó yá jù, ṣùgbọ́n ó ní bí òun ṣe ń ṣe nǹkan. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pinnu bóyá òun máa yí ìṣe òun padà kó lè bá sọ́fútíwíà mu, tàbí òun máa sanwó kí wọ́n yí sọ́fútíwíà padà kó lè bá ìṣe òun mu. Lidl, ilé-iṣẹ́ ìtajà ńlá ti Jámánì, bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú sọ́fútíwíà SAP ní ọdún 2011, ó sì pa á tì ní 2018 lẹ́yìn tí ìròyìn sọ pé wọ́n ti ná nǹkan bíi mílíọ̀nù yúrò 500 lé e lórí. Lára ohun tí ìròyìn gbé jáde nígbà náà ni pé iye tí wọ́n ra ọjà ni Lidl fi ń ṣírò ohun tó wà ní ilé ìkẹ́rù, nígbà tó jẹ́ pé iye tí wọ́n máa tà á ni sọ́fútíwíà náà ń lò. Wọn kò fẹ́ yí àṣà náà padà, bí wọ́n ṣe ń tún sọ́fútíwíà gbẹ́ nìyẹn, tó sì ń wúwo sí i. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹnjiníà tó lè bá wọn yanjú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ni ọjà ni.

Ọ̀rọ̀ dátà ló wá kàn, òun gan-an sì ni mo rò pé ó ń jẹ àkókò jù. Kí ètò ìsinmi tó lè ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ mọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti mánéjà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ yẹn wà, àbí? Ó wà. Ó wà lọ́nà mẹ́ta. HR ní tiwọn, ẹ̀ka ìṣirò owó ní tiwọn, ti IT wà nínú àkántì ímeèlì. Orúkọ ẹnì kan náà á wà níbẹ̀ lọ́nà mẹ́ta: orúkọ bàbá ló ṣáájú níbì kan, orúkọ ọkọ wà níbì kejì, ẹnì kan sì fo lẹ́tà kan nígbà tó ń tẹ ẹ̀kẹta. Ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀kan. Mánéjà kan wà tí ìwé sọ pé òun ló ń bójú tó ara rẹ̀. Àwọn IT lè fi kọ̀ǹpútà wá gbogbo ibi tí àkọsílẹ̀ kò ti bára mu jáde láàárín wákàtí kan. Èyí tó tọ̀nà nínú wọn ni wọn kò lè mọ̀. Ẹnì kan láti HR ló gbọ́dọ̀ jókòó, kó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ yẹn kì í sì í sí nínú ètò tẹ́nikẹ́ni ṣe.

Ààbò náà ńkọ́? Ta ló lè rí ìsinmi àìsàn ta? Tí ilé-iṣẹ́ tó ta sọ́fútíwíà bá kógbá sílé, báwo la ṣe máa rí dátà wa gbà jáde? Àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi oníṣòwò kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn, ìdí sì nìyẹn tí kò fi dáa ká pe IT lẹ́yìn tí a ti sanwó tán. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́ nígbà yẹn.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè fọ́ọ̀mù

Ohun kan tó máa ń bí àwọn òṣìṣẹ́ nínú ni pé àtúnṣe tó dà bíi ti ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn IT á ní kó o kọ tíkẹ́ẹ̀tì (fọ́ọ̀mù tí o fi ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn), kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì dúró di ọjọ́ Tuesday. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Friday lo gbé e wá, wọn ò tiẹ̀ ní dá ọ lóhùn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2012, Knight Capital, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, tan sọ́fútíwíà tuntun. Sáfà mẹ́jọ ni wọ́n ní láti gbé kóòdù tuntun náà sí. Méje ló dé. Lórí ẹ̀kẹjọ, kóòdù àtijọ́ kan tí wọn kò lò mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣì wà níbẹ̀, ìyípadà ọjọ́ náà ló sì jí i dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín, ó ń tà á láìdúró. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ilé-iṣẹ́ náà ti pàdánù ohun tó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 440. Nígbà tí àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà ṣèwádìí, wọ́n rí i pé kò sí ìlànà kankan tó ní kí ẹnì kejì yẹ iṣẹ́ ẹnì kìíní wò kí wọ́n tó tan nǹkan.

Ìṣẹ̀lẹ̀ bí èyí ló wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù tó ń bí ọ nínú. Ṣùgbọ́n n kò ní gbè sẹ́yìn wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ẹ̀ka IT kan wà tó jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń sá sẹ́yìn rẹ̀. Bí o ṣe máa mọ̀ wọ́n ni pé tí o bá kọ fọ́ọ̀mù náà tán, kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọ ibi tó dé. Ẹ̀ka tó ń lo fọ́ọ̀mù fún ààbò máa ń jẹ́ kó o rí ìlà, àti ipò tí tìrẹ wà lórí rẹ̀.

Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó ni iṣẹ́

Ní 2011, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Oxford gbé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà 1,471 jáde. Ní ìpíndọ́gba, owó tí àwọn iṣẹ́ náà ná fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ju ohun tí wọ́n ṣètò lọ. Ìyẹn ṣì ṣeé gbà. Ohun tó ń dẹ́rù bani ni pé ọ̀kan nínú mẹ́fà ya kúrò lójú ọ̀nà pátápátá: àwọn yẹn ná nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀.

Èyí tó fa ti Queensland yé mi dáadáa, torí náà ẹ jẹ́ kí n rò ó. Ẹ̀ka ètò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, fẹ́ pààrọ̀ ètò tí wọ́n fi ń san owó òṣìṣẹ́ tó lé ní 70,000. Àdéhùn àkọ́kọ́ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là Ọsirélíà mẹ́fà lọ. Wọ́n tan ètò náà ní oṣù kẹta ọdún 2010. Àwọn nọ́ọ̀sì kan gba owó tí kò pé, àwọn kan gba jù, àwọn míì kò rí nǹkankan gbà. Wọ́n ní láti gba èèyàn rẹpẹtẹ síṣẹ́ láti máa fọwọ́ ṣe ohun tó yẹ kí kọ̀ǹpútà ṣe. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àtìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe parí, iye tí wọ́n fojú bù jẹ́ bílíọ̀nù dọ́là Ọsirélíà 1.2.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tó jábọ̀ ní 2013 kò sọ pé àwọn tó kọ kóòdù kò mọṣẹ́. Lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí jù ni pé kò sí ìgbà tí wọ́n jókòó kọ gbogbo ohun tí ètò náà gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ délẹ̀délẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó iṣẹ́ alẹ́, owó àfikún, owó ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kì í ṣe kékeré. Èyí tó wá burú jù lójú mi ni pé ilé-iṣẹ́ ìjọba tó bá IBM ṣàdéhùn kọ́ ni ẹ̀ka tó ni àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀kan ń fọwọ́ sí ìwé, èkejì ló máa lo ètò náà, àwọn méjèèjì sì ń rò pé ẹnì kejì ló ń ṣọ́ ọ.

Ti FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, yàtọ̀ díẹ̀. Láti 2001 ni wọ́n ti fẹ́ kó fáìlì ẹjọ́ wọn kúrò lórí bébà, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Virtual Case File. Ohun tí wọ́n ń béèrè ń yí padà léraléra, àwọn ọ̀gá kọ̀ǹpútà wọn náà ń yí padà, ẹni tuntun tó bá dé á tún mú èrò tiẹ̀ wá. Ní 2005, wọ́n pa á tì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 170 ló bá a lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n máa tàn án

Ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í lo nǹkan tuntun kì í ṣe ọ̀rọ̀ IT nìkan. Hershey, ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì Amẹ́ríkà, ná mílíọ̀nù dọ́là 112 sórí ètò tuntun tó máa máa bójú tó bí ọjà ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Oṣù kẹrin ọdún 1999 ni wọ́n fẹ́ tàn án, iṣẹ́ kò tètè parí, wọ́n wá tàn án ní oṣù keje. Oṣù keje ni àwọn ilé ìtajà ń bẹ̀rẹ̀ sí í ra súìtì tí wọ́n máa tà ní ìparí oṣù kẹwàá, nígbà ọdún Halloween tí àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà ń gba súìtì kiri. Ṣokoléètì kún ilé ìkẹ́rù bámúbámú, ètò tuntun kò rí i. Ọjà tó tó mílíọ̀nù dọ́là 100 ni wọn kò lè kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó béèrè fún un. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ka títà ló lè sọ fún wọn pé oṣù keje kò dáa. Bóyá wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́.

Báńkì TSB ní Ìlú Ọba náà kó gbogbo àkántì lọ sórí ètò tuntun lópin ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, oníbàárà tó tó mílíọ̀nù 1.9 kò lè wọ inú àkántì wọn. Ibi ìkósáfàsí méjì ni ètò náà ń lò. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò bóyá ó lè gba èrò, ẹyọ kan ni wọ́n dán wò. Ní 2022 wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù pọ́n-ùn 48.65 fún báńkì náà. Ní 2023 ó kan ọ̀gá IT ìgbà náà fúnra rẹ̀: pọ́n-ùn 81,620, torí kò rí i dájú pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ti múra sílẹ̀ lóòótọ́. Mo mú èyí wá kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má dá IT lẹ́bi láé. Ẹ̀ka HR ló ni òfin ìsinmi, ẹ̀ka títà ló mọ ìgbà tí ọjà ń yá, àmọ́ bóyá ẹ̀rọ lè gbé ohun tí a fẹ́ dì lé e, ẹ̀ka IT ló yẹ kó dáhùn fún un. Wọn kò lè gbé ìyẹn fún oníkọ́ńtíráàtì kí wọ́n sì fọwọ́ lẹ́rán.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka IT kò ṣe fẹ́ràn láti tan nǹkan ńlá lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ẹ̀ka kan ni wọ́n á kọ́kọ́ fún, wọ́n á wo ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á tún un ṣe, kí wọ́n tó fún ẹ̀ka kejì. Ẹ lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ bí Agile tàbí Scrum lẹ́nu wọn. Kò sí awo níbẹ̀: kàkà kí wọ́n fi ọdún kan kọ gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó fi hàn ọ́, wọ́n á máa fi díẹ̀díẹ̀ hàn ọ́ lọ́sẹ̀ méjì méjì, kó o lè tètè sọ pé ohun tó o ní lọ́kàn kọ́ nìyí. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ẹni tó yẹ kó wá wò ó bá ń wá. Tí HR bá ń rán ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sí ìpàdé náà, ọ̀rọ̀ ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀ka tó dá ra tiẹ̀

Nígbà tí ìlà IT bá gùn jù, àwọn ẹ̀ka máa ń wá ọgbọ́n dá. Ẹnì kan á fi káàdì ra sọ́fútíwíà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á kó orúkọ àti nọ́ńbà fóònù òṣìṣẹ́ gbogbo sínú rẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ó rọrùn, mi ò jiyàn. Wàhálà rẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹni yẹn bá fiṣẹ́ sílẹ̀ tó sì jẹ́ ímeèlì tirẹ̀ ló fi ṣí àkántì náà. Inú máa ń bí àwọn IT sí èyí, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́. Àmọ́ ká ní èmi ni ọ̀gá IT, èmi á kọ́kọ́ lọ wo ohun tí wọ́n lọ rà. Ó ń sọ ohun tí wọ́n nílò fún mi ju ìpàdé mẹ́wàá lọ.

Bí o bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ bá wọn, má ṣe mú orúkọ sọ́fútíwíà lọ. Ìṣòro ni kó o mú lọ: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, ẹni tó ń ṣe é, iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ lóṣù, àti ohun tó máa bàjẹ́ bí a kò bá ṣe nǹkankan. Sọ orúkọ ẹni tó máa dáhùn ìbéèrè, àti pé ó máa ráyè. Láti ibẹ̀ ni ìjíròrò tó nítumọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Tí ètò ìsinmi tuntun bá ti ń ṣiṣẹ́, fáìlì Excel àtijọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin inú ẹ̀ka HR á ní òun á ṣì máa kọ ọ́ síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, bóyá ti kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́. Tó bá fi máa tó oṣù mẹ́ta, ọjọ́ ìsinmi ẹnì kan á jẹ́ mọ́kànlá níbì kan, mẹ́rìnlá níbòmíràn, mánéjà á sì gba èyí tó wù ú gbọ́. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ló yẹ kí wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ti Excel náà pa, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá HR ló yẹ kó buwọ́ lu ìwé náà, kì í ṣe ọ̀gá IT.